Ọjọ́ kan ní Yankari: kànga 139, kò sí orúkọ ẹnì kan

Mo ṣèlérí pé mo máa kọ nípa ìrìn àjò wa sí Yankari, àwọn kan sì ti ń pè mí pé fọ́tò erin dà. Fọ́tò erin wà, ẹ ó rí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe erin ló gbé mi lọ. Fọ́tò mìíràn ni.

Nígbà tá à ń palẹ̀ yàrá bàbá wa mọ́ lẹ́yìn ìsìnkú wọn, a rí fọ́tò kan nínú àpótí wọn, lábẹ́ àwọn ìwé owó ìfẹ̀yìntì. Fọ́tò dúdú àti funfun ni. Ọkùnrin márùn-ún ló dúró létí omi, wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá wa fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé: “Wikki, 1971.” Kò sí nǹkan mìíràn. Mo mọ bàbá wa nínú àwọn márùn-ún. Mo mọ ọ̀rẹ́ wọn kan, ará Ọ̀fà, tá a máa ń pè ní Bàbá Reluwé nígbà tá a wà ní kékeré. Àwọn mẹ́ta tó kù, mi ò mọ̀ wọ́n. Màmá wa náà ò mọ̀ wọ́n, torí ọdún 1974 ni wọ́n tó bá bàbá wa wá sí Bauchi.

Iṣẹ́ reluwé ló gbé bàbá wa dé ilẹ̀ yìí. Ní 1958 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Kuru, lẹ́bàá Jos, gba Bauchi àti Gombe, kó lè dé Maiduguri. Ó di 1964 kó tó parí. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa tó wà ní apá ibí, iṣẹ́ yẹn ló kó wọn wá, tàbí ọjà tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń ṣe é. Àárín iṣẹ́ yẹn gan-an, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1962, ni wọ́n ṣí Yankari sílẹ̀ fún aráàlú. Ẹ ò rí i pé àwọn bàbá wa àti ọgbà ẹranko yẹn, ẹgbẹ́ ni wọ́n nílẹ̀ yìí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fáwọn ará wa pé ẹ jẹ́ ká lọ wo Wikki yìí. Èèyàn méjìlá la jẹ́ nínú bọ́ọ̀sì kan: ọkùnrin mẹ́rin, obìnrin mẹ́ta, ọmọ mẹ́rin, àti bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Bàbá yìí ló jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Kí wọ́n tó wọkọ̀ ni wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé àwọn ò wá jókòó sẹ́yìn bí ẹrù o.

Ọjọ́ Sátidé nínú oṣù Kejì ni. A kúrò ní Bauchi ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ọyẹ́ ṣì ń mú. Ọ̀nà Gombe la gbà. Nígbà tá a dé Dindima, a yà sọ́tùn-ún, a sì ń bá ọ̀nà náà lọ títí a fi dé ẹnubodè ní Mainamaji. Ẹni tí kò bá débẹ̀ rí á rò pé òun ti dé nígbà tó bá sanwó tíkẹ́ẹ̀tì tán. Kò tíì dé o. Láti ẹnubodè yẹn dé àgọ́ Wikki ṣì tó kìlómítà 42, inú igbó gan-an sì ni. Kò sí abúlé, kò sí oko, kò sí ẹni tó ń ta búrẹ́dì létí ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa béèrè pé ṣé kò séèyàn tó gbé ibí rí ni? Mo ní kó fi ìbéèrè yẹn sọ́wọ́ ná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí igbó yìí ṣe di igbó ọba. Láti 1934 ni ìgbìmọ̀ kan ní Àríwá ti dá a lábàá pé kí wọ́n ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún àwọn ẹranko ní ilẹ̀ Bauchi. Ọ̀rọ̀ náà sùn sílẹ̀ fún ohun tó lé lógún ọdún. Ẹni tó jí i dìde ni Alhaji Muhammadu Ngeleruma, mínísítà tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ohun àlùmọ́ọ́nì nínú ìjọba Àríwá. Nígbà tí wọ́n ń lọ sí Mẹ́kà, wọ́n rí ọgbà ẹranko kan ní Sudan, ó sì wọ̀ wọ́n lójú. Ní 1956 ìjọba Àríwá fọwọ́ sí i. Ní 1957 wọ́n pààlà igbó náà lábẹ́ Ẹ́míréètì Bauchi. Ní 1962 wọ́n ṣí i. Lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, North-Eastern State ló kọ́kọ́ ń bójú tó o, lẹ́yìn náà Ìpínlẹ̀ Bauchi. Ní 1991 ìjọba àpapọ̀ gbà á, ó di National Park. Ní 2006 wọ́n dá a padà fún Ìpínlẹ̀ Bauchi. Nítorí náà, bá a bá ń pè é ní National Park lónìí, àṣà ẹnu ni. Ọgbà ẹranko ìpínlẹ̀ ló jẹ́ báyìí.

Ó tóbi o. Ó tó kìlómítà 2,244 níbùú lóròó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Èkó dáadáa, ẹ gbé gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ pín in sí méjì, Yankari ṣì ju ìdajì kan lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tán la rí bí ojú ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Kì í ṣe igbó dúdú bíi ti ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, àmọ́ òkè wà níbẹ̀ tí orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ẹ̀gbẹ́ àwọn òkè náà já sísàlẹ̀ gbáà, pupa, ràkọ̀ràkọ̀, funfun, lọ́nà bí ìpele. Láàárín wọn ni àgbàrá ti gbẹ́ kòtò, tí omi ti la ilẹ̀ wẹ́wẹ́, tí koríko kankan ò lè hù níbòmíràn. Òkúta ibẹ̀ kò le bí àpáta Abẹ́òkúta tàbí ti Jos. Iyanrìn tó dì pọ̀ ni. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè é ní Kerri-Kerri. Ẹ̀yin ará Gombe mọ ohun tí mò ń sọ, torí ẹ̀yin náà mọ bí àgbàrá ṣe ń jẹ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò gbà fún un. Ní Yankari, kò sí onílé tó lè dá a lẹ́kun mọ́.

Ohun funfun tẹ́ ẹ rí lára òkè yẹn, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹfun ni. Alkaleri, ìjọba ìbílẹ̀ tí ọgbà náà wà, ẹfun pọ̀ níbẹ̀ gan-an, ilé iṣẹ́ ń rà á láti fi ṣe oríṣiríṣi nǹkan.

Irú òkúta yìí ló fa ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí. Iyanrìn kì í gbá omi dúró. Òjò máa ń rọ̀ dáadáa níbẹ̀ láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, àmọ́ omi náà á rì wọlẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò Gaji nìkan ni odò gidi tó ṣẹ́ kù láàárín ọgbà náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àsìkò ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù láti lọ wo ẹranko: òùngbẹ á ti kó gbogbo wọn wá sétí Gaji. Ohun tó ń kó ẹranko jọ yẹn náà ló ń kó èèyàn jọ nígbà kan. Mo máa débẹ̀.

A dé àgọ́ Wikki láàárọ̀, a sì bá ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ wo ẹran. Ọkọ̀ akẹ́rù gíga ni, wọ́n to àga sẹ́yìn rẹ̀, rénjà kan dúró síwájú pẹ̀lú ìbọn. Ìmàdò la kọ́kọ́ rí, ìyá kan àti ọmọ mẹ́ta, ìrù wọn nà sókè bí irin rédíò. A rí àgbọ̀nrín, a rí àwọn ẹran ńlá mìíràn oníwo gígùn tó ń jẹko létí omi. A rí ẹyẹ tí mi ò mọ orúkọ wọn. Oríṣi ẹyẹ tí wọ́n ti kà níbẹ̀ lé ní 300. Àwọn ìnàkí, ẹ ò ní láti wá wọn lọ síbì kankan, àgọ́ ni wọ́n ń gbé. Àkàrà wa mẹ́fà ló bá wọn lọ. Ẹ má ṣe gbé oúnjẹ kalẹ̀ kẹ́ ẹ kẹ̀yìn sí i o.

Létí Gaji la ti rí erin. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bá a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ẹ̀yin ará wa, a rí erin. Mọ́kànlá ni mo kà, pẹ̀lú ọmọ kékeré méjì tí wọ́n fi sáàárín. Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́. Àwọn ọmọ tó ti ń pariwo láti Bauchi, kò sí ẹni tó sọ fún wọn kí wọ́n tó panu mọ́.

Ìgbà yẹn ni Bàbá bi rénjà ní Hausa pé: “Zaki fa?” Kìnnìún ńkọ́? Rénjà ní: “Akwai, amma kaɗan ne.” Wọ́n wà, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀. Bàbá mi orí. Wọ́n ní nígbà tiwọn, kìnnìún ló máa ń dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà, tí mọ́tò á dúró dè é. Wọ́n ní ẹni tó bá lọ Yankari tí kò rí kìnnìún nígbà yẹn, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó bá dé ọ́fíìsì.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni rénjà sọ. Ní gbogbo Nàìjíríà lónìí, kìnnìún tó ṣẹ́ kù nínú igbó ò tó 50. Ibi méjì péré ni wọ́n sì wà: Kainji àti Yankari. Ti Yankari, ẹ lè fi ìka ọwọ́ kà wọ́n. Erin náà dínkù. Ní 2006 tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kà wọ́n, wọ́n rí i pé wọ́n tó bíi 350. Lónìí, nǹkan bí 100 ni, síbẹ̀ agbo erin yẹn ló pọ̀ jù nínú èyí tó kù ní Nàìjíríà. Eyín erin ló pa wọ́n, àwọn tó ń jí wọn pa nítorí eyín. Ẹfọ̀n tiẹ̀, àrùn ló bá a jà: ní 1983, àrùn màlúù burúkú tó jà káàkiri ilẹ̀ yìí ràn dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹfọ̀n Yankari. Àmọ́ ìròyìn rere díẹ̀ wà. Láti 2014, ìjọba Bauchi àti ẹgbẹ́ Wildlife Conservation Society ló jọ ń bójú tó ọgbà náà. Láti oṣù Karùn-ún 2015, àwọn tó ń ṣọ́ ọ sọ pé wọn ò tíì rí erin kankan tí wọ́n jí pa níbẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó ń rìn nínú oòrùn yẹn ló ṣe é. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ kí wọn dáadáa.

Lẹ́yìn tá a jẹun tán, rénjà kan wọ bọ́ọ̀sì wa, ó mú wa lọ síbi tí wọ́n ń pè ní Dukkey. Níbẹ̀ ni ìbéèrè tí ọmọ wa bi mí láàárọ̀ ti rí ìdáhùn.

Kànga ni ó kún ibẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe mẹ́wàá. Kànga 139. Inú òkúta ni wọ́n gbẹ́ wọn sí, wọ́n sì la ihò lábẹ́ ilẹ̀ láti inú ọ̀kan sí èkejì, kí omi lè máa lọ láti ibì kan sí òmíràn. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ilẹ̀ yẹn: òjò ń rọ̀, omi ń sá. Àwọn èèyàn yìí ti jókòó, wọ́n ti ro ó, wọ́n sì ti wá bí wọ́n ṣe máa gba omi òjò mú kó má sá lọ. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa, tó ń ta omi inú ọ̀rá ní Bauchi, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú kànga kan fún ìgbà pípẹ́. Ó ní èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan. Ó ní iṣẹ́ àwọn tó ti pinnu láti dúró pẹ́ síbẹ̀ ni.

Ọmọ wa bi rénjà pé ta ló gbẹ́ ẹ? Rénjà ní: “Mutanen da.” Àwọn ará àtijọ́. Ọmọ náà ní kí ni orúkọ wọn? Rénjà rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe Dukkey nìkan. Lára àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè yẹn, ilé 59 wà tí àwọn èèyàn gbẹ́ sínú òkúta iyanrìn, tí wọ́n ń gbé inú wọn. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lónìí? Marshall Caves. P. J. Marshall ló rí wọn ní 1980, ni wọ́n bá fi orúkọ rẹ̀ pè wọ́n. Mi ò bá Marshall jà o. Ká ní kò kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá a ò ní gbọ́ nípa wọn. Àmọ́ ẹ wò ó: ẹni tó rí ilé náà ní 1980 ní orúkọ lára rẹ̀. Àwọn tó gbẹ́ ilé, tó sùn níbẹ̀, tó bímọ síbẹ̀, kò sí orúkọ wọn.

Ní ibi tí wọ́n ń pè ní Shau-Shau, ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ irin ṣì dúró síbẹ̀, nǹkan bí 60. Àwa ọmọ Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, torí àwọn baba wa náà yọ́ irin. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ìléru, á ga, inú rẹ̀ á ṣófo. Wọ́n á da èédú sí i láti òkè, wọ́n á da òkúta tó ní irin lé e, èédú, òkúta, èédú, òkúta. Atẹ́gùn á máa wọlé láti ìsàlẹ̀, iná á máa gbóná sí i títí irin á fi ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìdàrọ́. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tó ń gé igi, ẹni tó ń sun èédú, ẹni tó ń wa òkúta, ẹni tó ń mọ amọ̀, alágbẹ̀dẹ tó ń dúró de irin, obìnrin tó ń se oúnjẹ fún gbogbo wọn. Níbi tí ìléru bí 60 bá wà, ìlú ló wà níbẹ̀. Ọjà á wà. Ìjà á wà lórí gbèsè. Ìgbéyàwó á wà. Ẹni tó ti ìlú mìíràn wá ṣiṣẹ́ á wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bíi tiwa.

Nígbà tá a padà sínú bọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo wá rántí Ọ̀yọ́ Ilé.

Òfin kan náà tó sọ Yankari di ti ìjọba àpapọ̀ ní 1991, Decree 36, òun náà ló sọ igbó Ọ̀yọ́ Ilé di Old Oyo National Park. Ẹ jọ̀ọ́, ìlú ni Ọ̀yọ́ Ilé. Olú ìlú Aláàfin ni. Nígbà tí Clapperton débẹ̀ ní 1826, Aláàfin wà lórí ìtẹ́, àwọn èèyàn ń ná ọjà. Láàárín ọdún 1830 sí 1840, ogun tú u. Aláàfin Àtìbà wá jókòó sí Àgọ́ Ọ̀jà, èyí tó di Ọ̀yọ́ tá a mọ̀ lónìí. Igbó bo ti àkọ́kọ́. Lónìí, àwọn tó bá fẹ́ wo ẹfọ̀n àti àgbọ̀nrín ló ń lọ síbẹ̀, wọ́n á sì rí òkìtì ògiri ìlú láàárín igi.

Ṣé ẹ rí i pé ọ̀kan náà ni? Èèyàn gbé ibẹ̀, èèyàn lọ, ẹranko jogún rẹ̀, ìjọba fi ọgbà sí i. Ìyàtọ̀ kan ló wà. A mọ ẹni tó gbé Ọ̀yọ́ Ilé. A mọ orúkọ àwọn ọba rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, a mọ ẹni tó jà, ẹni tó dalẹ̀, ẹni tó ṣígbá wò. Kì í ṣe nítorí pé ògiri wọn le ju ìléru Shau-Shau lọ. Nítorí pé àwọn arọ́kin wà, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti rántí, tí àwọn ìdílé sì ń ki oríkì wọn láràárọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan lọ jókòó tì wọ́n, ó sì kọ ọ́.

Ẹni yẹn ni Pásítọ̀ Samuel Johnson. Àwọn kan nínú wa ò mọ̀ pé kì í ṣe Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí i sí. Sierra Leone ni wọ́n bí i sí ní 1846, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n sì dá sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọmọ ìdálẹ̀ ni, bíi tiwa. Ní 1897 ló parí ìwé ìtàn Yorùbá. Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́ ní Ìlú Ọba, ó sọnù. Johnson kú ní 1901, kò rí ìwé yẹn kó jáde. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn ìwé tó fi sílẹ̀ jọ, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ. 1921 ló tó jáde. Ká ní àbúrò yẹn ní iṣẹ́ òun pọ̀, ohun tá a mọ̀ lónìí nípa Ọ̀yọ́ Ilé ì bá dín gan-an.

Ní aago méjì ọ̀sán la tó débi omi Wikki. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bó ṣe rí. Omi náà ń jáde lábẹ́ òkè òkúta, ó mọ́ débi pé ẹ ó máa ka iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó gbóná lọ́wọ́ọ́rọ́, ìwọ̀n 31, lọ́sàn-án, lóru, nínú ọyẹ́, nínú òjò, kì í yí padà. Ara gbogbo wa lọ sílẹ̀. Rénjà sọ fún wa pé èdè Duguri, àwọn tó ni ilẹ̀ agbègbè yẹn, ni Wikki. Ó túmọ̀ sí “níbo lo wà?”

Mo mú fọ́tò náà jáde nínú ọ̀rá tí mo fi wé e. Mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n dúró sí. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà. Wọ́n ní, “Èyí bàbá ẹ. Èyí ará Ọ̀fà.” Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá fìka lé ẹni tó wà lápá òsì pátápátá, wọ́n ní, “Ha! Èyí ló rán aṣọ ìgbéyàwó mi.” Wọ́n sọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n sọ ìlú rẹ̀, wọ́n sọ àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Bauchi, wọ́n sọ ọdún tó kó padà sílé, àti ìdí tó fi kó lọ. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí kí n tó rí àwọn ọmọ rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò.

Mo ní, “Bàbá, láti ọdún yìí wá, a ò mọ̀ pé ẹ mọ̀ wọ́n.”

Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ta ló bi wá rí?”

Mi ò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ni. Mo bá bàbá tèmi gbé ogójì ọdún ó lé, mi ò bi wọ́n ọjọ́ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹni tó kọ́kọ́ gbà wọ́n sílé, iye tí wọ́n ń san fún yàrá, àwọn tí wọ́n jọ lọ Wikki. Mo rò pé wọ́n á máa wà níbẹ̀. Mo wá ń dá àwọn tó gbẹ́ kànga Dukkey lẹ́jọ́ pé wọn ò fi orúkọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, a ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Ilé wa wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wa, mọ́sáláṣí wa, ibojì àwọn òbí wa. Àwọn kan nínú wa á padà sílé, àwọn kan á dúró, àwọn ọmọ wa mìíràn ti wà ní Àbújá àti òkè òkun. Ilé lè wó. Ọjà lè ṣí kúrò. Àgbàrá á gbé ohun tó bá máa gbé. Kí ọmọ wa má lọ dúró níwájú nǹkan tí àwọn òbí wa kọ́, kó béèrè pé ta ló kọ́ ọ, kí wọ́n sọ fún un pé “mutanen da.”

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Ẹni tó bá ní bàbá tàbí ìyá tó ti lé ní 70 nítòsí rẹ̀, kó lọ jókòó tì wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Kó gba ohùn wọn sínú fóònù. Ọdún wo lẹ dé? Ta lẹ bá níbí? Ta ló kú síbí, níbo la sin ín sí? Kó mú fọ́tò àtijọ́ dání, kó kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀ níṣojú wọn.

Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ Yankari, kó lọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kó kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, kó wọ aṣọ tó bo ara torí eṣinṣin tsetse, kó tètè kúrò ní Bauchi. Àwa kúrò níbẹ̀ ní aago mẹ́rin kí ilẹ̀ tó ṣú bá wa lọ́nà, a délé láyọ̀.

Fọ́tò 1971 ni mo gbé síwájú nísàlẹ̀ yìí, ti erin tẹ̀ lé e. Nínú àwọn márùn-ún, a ti mọ mẹ́ta. Ó ku méjì: ẹni tó wé ìborùn sọ́rùn, àti ẹni gíga tó di bàtà mú lọ́wọ́. Ẹ fi han àwọn àgbà yín. Ẹni tó bá dá wọn mọ̀, kó jọ̀ọ́ kọ sí mi.